IT oṣù mẹ́fà: Bí akẹ́kọ̀ọ́ ò ṣe ní í padà sílé ìwé lọ́wọ́ òfo

Bí àsìkò IT bá ti ń sún mọ́lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fáìlì kiri láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Bó ṣe ń rí ládùúgbò Challenge n'Ìbàdàn náà nìyẹn. Lẹ́tà ilé ìwé ló wà nínú fáìlì, ibi tí wọ́n á ti ṣe IT ni wọ́n ń wá.

Àwọn kan á rí ibi tó bá ẹ̀kọ́ wọn mu. Àwọn mìíràn á gba ibikíbi tó bá ṣáà ti gbà wọ́n, wọn á sì fi oṣù mẹ́fà ṣe fọ́tòkọ́pì àti ra oúnjẹ ọ̀sán fún ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀, IT kì í ṣe ìsinmi o. Máàkì wà níbẹ̀, ẹni tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá sì ní kó ṣe é kò lè gboyè láìṣe é.

Ibo ni IT ti wá?

Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀, ìlú Jos ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Lọ́dún 1973, àjọ náà gbé ètò SIWES kalẹ̀, òun ni gbogbo èèyàn ń pè ní IT. Ohun tó fà á ni pé àwọn tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tíì mọ irinṣẹ́.

Ní yunifásítì, oṣù mẹ́fà ni àwọn tó ń kọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń lò. Ní póli, oṣù mẹ́rin ni kí wọ́n tó gba OND. Lẹ́yìn OND, wọ́n tún máa ń lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó wọlé fún HND.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá?

Rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ tàbí iná mànàmáná lè rí ẹ̀kọ́ gidi kọ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àti rẹ́wáyà tó mọṣẹ́. Ti ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, Ìbàdàn gan-an ni ilé: IITA ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1967, NIHORT wà ní Ìdí-Ìṣin, CRIN tó ń ṣèwádìí nípa kòkó sì wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó SIWES nílé ìwé rẹ̀ bóyá wọ́n á fọwọ́ sí ibi tó rí.

Logbook kì í ṣe ìwé àṣálẹ́ ọjọ́ kan

Ojoojúmọ́ ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ iṣẹ́ tó ṣe sínú logbook, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan á dúró di ìparí, wọn á wá kọ gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìbéèrè kan péré látẹnu olùkọ́ á tú àṣírí wọn.

“A tún mọ́tò ṣe” kò tó. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni irú èyí: “Mọ́tò kan ń gbóná jù. A yẹ omi rédíétọ̀ wò, ó pé. A rí i pé fáànù kò yí, wáyà rẹ̀ ló jó. A pààrọ̀ wáyà náà.”

Owó ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ibi kì í san nǹkan kan. Náírà 2,500 lóṣù, ìyẹn náírà 15,000 fún oṣù mẹ́fà, ni wọ́n mọ owó ITF sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í sì í tètè dé. Kí òbí tètè ṣètò owó ọkọ̀, tàbí kí ọmọ wá ibi tí kò jìnnà sílé.

Ojúṣe ọ̀gá

Òfin ITF tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2011 ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún fún àjọ náà. Ó tún ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ fún IT.

Nínú ìkọ́ṣẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ iṣẹ́ á gbálẹ̀, á jíṣẹ́ fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ tó máa gba fírídọ̀ọ̀mù, iṣẹ́ á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni ọmọ iṣẹ́ yẹn ní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún péré ni ti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní ló ti yẹ kí òun àti ọ̀gá jọ sọ ohun tó máa mọ̀ ọ́n ṣe tó bá fi máa lọ.

Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta tó jẹ́ pé oúnjẹ ló ṣì ń rà kiri, kó fi ọ̀wọ̀ bá ọ̀gá sọ ọ́. Bí kò bá yí padà, kó tètè fi tó ilé ìwé létí kí wọ́n bá a wá ibòmíràn. Bó bá dákẹ́ di oṣù karùn-ún, ẹ̀pa ò bóró mọ́.