Dígí tó tú nínú iná lésà: ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé

Ọ̀rọ̀ tí admin sọ lórí fóìsì nóòtù mẹ́ta. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn.

Ẹ má bínú sí ohùn mi, eruku Kàdúná ti wọ̀ mí lọ́fun láti àná.

Àbúrò wa kan tó ń fi kánópì, àga àti iná àríyá ṣe háyà ní Sabon Tasha ló bi mí ní ìbéèrè lálẹ́ àná. Ó ní iná lésà òun tó máa ń kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sára ògiri kò kọ ọ́ mọ́, ìlà kan ṣoṣo ló ń fà láti òkè wá sílẹ̀. Ẹni tó gbé e lọ bá ní kó lọ ra òmíràn. Ẹ dúró ná. Owó yẹn kì í ṣe owó kékeré, ó sì lè jẹ́ pé dígí tí kò tó èékánná àtàǹpàkò ló fa gbogbo rẹ̀.

Lésà fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan kọ, kó ṣáà tàn gbọọrọ ni. Àwọn tó ń kọ̀wé ni dígí kékeré méjì tó wà níwájú rẹ̀. Orí ọ̀pá mọ́tò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní galvo ni dígí kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Ọ̀kan ń ju iná sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń jù ú sókè sílẹ̀. Ṣé ẹ rántí nígbà tá a wà lọ́mọdé, tá a bá mú igi tó ní ògúnná lórí, tá a ń fì í yípo nínú òkùnkùn, tí ojú á rí òrùka iná? Ohun kan náà ni. Èyí tí wọ́n kọ 30K sí, ó túmọ̀ sí pé ó lè gbé iná dé ojú àmì 30,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wò ó bó ṣe ń sáré tó. (Àpótí kékeré olówó pọ́ọ́kú tó kàn ń da àmì aláwọ̀ ewé káàkiri ògiri kò ní galvo o, ọ̀rọ̀ tòní kò kan ìyẹn.)

Tí ó bá ń fa ìlà kan ṣoṣo, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò yí mọ́. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, torí iná a máa kù sínú páwà rẹ̀. Ẹ wá ṣí i, kẹ́ ẹ fi igi ìtayín ti ẹ̀gbẹ́ dígí náà jẹ́jẹ́. Tí dígí bá yí tí ọ̀pá kò tẹ̀ lé e, gọ́ọ̀mù ló ti tú. Tí dígí bá le dáadáa lórí ọ̀pá, àìsàn náà wà nínú wáyà tàbí bọ́ọ̀dù, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bọ́ọ̀dù. Tí dígí bá já bọ́ pátápátá, iná kò tilẹ̀ ní í jáde síta.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ooru ló sábà ń tú gọ́ọ̀mù yẹn, àti gbígbé ẹ̀rọ sẹ́yìn ọkọ̀ lórí ọ̀nà oníkòtò. Eruku ọyẹ́ náà ń ṣe tirẹ̀: ó bà lé ojú dígí, lésà á jó o mọ́ ibẹ̀, ojú dígí á sì ní àpá tí kò ní í lọ mọ́.

Ní ti dígí tẹ́ ẹ máa fi rọ́pò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Nígbà àkọ́kọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí mi, mo ní ṣebí dígí ni dígí. Mo gba dígí inú páńkéèkì ìyàwó mi, mo ní kí ẹni tó ń gé gíláàsì gé e fún mi. Ó ṣiṣẹ́! Àmọ́ orúkọ tó kọ di méjì, ọ̀kan dúdú díẹ̀ lẹ́yìn ìkejì bí òjìji, mọ́tò sì ń han bí eku. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, bọ́ọ̀dù ti jó. Owó dígí tí mo sá fún, mo san án lọ́nà bíi mẹ́wàá.

Ẹ̀yìn gíláàsì ni fàdákà dígí ilé wà, nítorí náà iná á kọ́kọ́ ta lára gíláàsì, á tún ta lára fàdákà, ó di méjì. Dígí galvo, iwájú gan-an ni dídán rẹ̀ wà. Ẹ fi ṣóńṣó bébà kan igun rẹ̀: tí bébà àti àwòrán rẹ̀ bá fẹnu kan ara wọn, òun ni. Tí àlàfo bá wà láàárín wọn, ẹ gbé e padà fún ìyàwó. Ìwọ̀n rẹ̀ náà ṣe pàtàkì, torí dígí tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló ń mú mọ́tò han. Ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn èyí tó tú. Àwọn tó ń rọ irin ní Panteka ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ín. Iye yẹn lẹ máa fi ṣe ọ́dà. Àwọn méjèèjì kì í dọ́gba o: èyí tí iná kọ́kọ́ bà kéré ju ìkejì lọ.

Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ẹ rọ asitóònù tí àwọn obìnrin fi ń yọ kútẹ́ẹ̀sì sí òwú díẹ̀, kẹ́ ẹ fi pa gọ́ọ̀mù àtijọ́, kí ẹnu ọ̀pá kọjú sílẹ̀ kó má baà ṣàn wọ inú mọ́tò lọ fọ gírísì rẹ̀. Ẹ má fi iná tàbí irin gbígbóná yọ ọ́ rárá, ooru ń pa agbára mágnẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀.

Súpà gúlúù, rárá o. Èéfín rẹ̀ máa ń bo ojú dígí bí àtíkè. Araldite onítúùbù méjì ni kẹ́ ẹ pò, kó má ju ìdajì hóró ìrẹsì lọ. Ẹ̀gbẹ́ dígí ni kẹ́ ẹ ti dì í mú, ìka ò gbọdọ̀ kan ojú rẹ̀. Ẹ wo fọ́tò kó lè dúró bí ti àtijọ́, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá fi ọwọ́ yí méjèèjì jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ rí i pé wọn ò kọ lu ara wọn. Àwọn skúrú kéékèèké orí bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń yí kí wọ́n tó dé òpin, fọ́tò kò lè sọ ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ fún yín.

Ẹ gbọ́ ti fóìsì kẹta yìí dáadáa. Ibi tí ẹ ti máa dán an wò ni ewu wà. Ẹ yọ wáyà lésà ná, kẹ́ ẹ tan galvo nìkan. Tó bá han, ẹ pa á kíá. Tó bá dákẹ́, ẹ wá tan lésà ní agbára tó kéré jù, kó kọjú sí ògiri tí kò dán, kí ẹ̀yin wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ọmọdé má sí nínú yàrá. Èyí tí wọ́n kọ Class 4 sí lára ju 500 mílíwáàtì lọ. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti bà á jẹ́. Kò sì ní í ta yín, ẹ̀yìn ẹyinjú kì í mọ ìrora. Ẹ kàn máa rí i pé àmì dúdú wà láàárín ohun tẹ́ ẹ ń wò, kò sì sí oògùn tó ń dá a padà. Gíláàsì òòrùn kò ràn án. Ti lésà ni kẹ́ ẹ rà, tí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i kó àwọ̀ lésà yín: búlúù sábà máa ń jẹ́ 445 sí 450, ewé 520 tàbí 532, pupa 638 tàbí 650.

Ní Rọ́ṣíà, oṣù keje ọdún 2008, òjò mú kí wọ́n ta àtíbàbà bo àríyá ìta kan nítòsí Kirzhach, lésà tó yẹ kó lọ sójú ọ̀run wá bá àwọn èèyàn. Bí ọgbọ̀n èèyàn ló bà lójú jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí lésà wà ní mítà mẹ́ta sókè ilẹ̀ tí èèyàn dúró lé.

Èmi náà rí i níhìn-ín, níbi ìgbéyàwó kan. Dígí méjèèjì dúró lójijì, gbogbo òdòdó tó ń yà dúró di ojú kan ṣoṣo lára kọ́tìnì dúdú, kọ́tìnì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ tó ń ṣa owó wà. Láti ọjọ́ náà, ọmọ iṣẹ́ kan kì í kúrò nídìí swíìṣì mi títí àríyá á fi parí.

Àbúrò Sabon Tasha, ya fọ́tò dígí yẹn, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lónìí, ká lè mọ̀ bóyá gọ́ọ̀mù lásán ni. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ síbí. Ẹ má pè mí lásìkò ọjà, ẹ jọ̀ọ́.