Gbèsè Bàbá, Ọmọ Ló San Án

Ọ̀rọ̀ oníṣòwò ọmọ Ṣáínà kan ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, torí àtìpó bíi tiwa lòun náà.

Tan Kah Kee lorúkọ rẹ̀. Jimei, ní Fujian, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1874. Lọ́dún 1890, ó wọkọ̀ ojú omi lọ bá bàbá rẹ̀ ní Singapore, ó ń bá a ta ìrẹsì. Nígbà tó yá, òwò bàbá wọ gbèsè, ó dẹnu kọlẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò ní kí ọmọ san gbèsè bàbá, ṣùgbọ́n ọmọ ní òun á san án. Lọ́dún 1904, ó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń di ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú agolo, èrè rẹ̀ ló sì fi tán gbèsè náà. Ní tiwa, àwọn ọmọ kan á pín ilé bàbá tán, wọ́n á ní àwọn ò mọ olówó rẹ̀ rí!

Àṣà wọn ló kọ́ ọ. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ẹbí ní Fujian ló ní ilẹ̀ àjùmọ̀ní. Owó orí ilẹ̀ náà ni wọ́n fi ń bọ baba ńlá wọn, òun náà ni wọ́n fi ń rán ọmọ ẹbí níléèwé. Tan mú un kọjá ẹbí. Nígbà tí rọ́bà sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, ó dá iléèwé sílẹ̀ ní Jimei lọ́dún 1913, ó sì dá yunifásítì Xiamen sílẹ̀ lọ́dún 1921. Àmọ́ èyí tó wú mi lórí jù ni ti 1919: àárín Singapore, níbi tó ti ń jẹ, ló dá iléèwé gíga sí.

Lẹ́yìn 1929, owó rọ́bà já wálẹ̀. Kò dáwọ́ owó yunifásítì dúró, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé lọ́dún 1934. Èmi ò lè yìn ín tán níbẹ̀, torí àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ìyàwó àtọmọ. Àna rẹ̀, Lee Kong Chian, tóun náà là nídìí rọ́bà, ràn án lọ́wọ́, ó sì dá Lee Foundation sílẹ̀ lọ́dún 1952.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, mo ní ká dáwó tún òrùlé iléèwé àdúgbò ṣe, níbi táwọn ọmọ wa ń lọ. Ẹnì kan ní, "Bàbá, ṣé ìlú wa nìyí ni?" Iléèwé 1919 yẹn ṣì wà ní Singapore, Hwa Chong ni wọ́n ń pè é.