BÍ OHUN ÈLÒ BÁ KỌṢẸ́ LÓJÚ Ọ̀RUN

Bí mọ́tò bá dákú lójú títì, a ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lójú ọ̀run.

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù October, ọdún 2000, Gómìnà Mel Carnahan ti ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, Cessna 335. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń wà á. Ohun èlò iwájú awakọ̀ tí ń fi hàn bóyá ọkọ̀ dúró déédéé tàbí ó ti fì, kọṣẹ́. Irú rẹ̀ kan ṣì ń ṣiṣẹ́ lápá ọ̀tún, ó sì ń gbìyànjú láti fi ìyẹn fò. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn àti ìkùukùu, òye rẹ̀ dàrú. Ọkọ̀ já, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀ sì kú.

Nínú ìkùukùu, ara ènìyàn a máa parọ́: ọkọ̀ lè ti máa yí, kí ó dà bí ẹni pé ó dúró ṣinṣin. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ awakọ̀ pé: èkíní, wa ọkọ̀ ná, mú apá rẹ̀ dọ́gba. Èkejì, mọ ibi tí ò ń lọ. Ẹ̀kẹta, ké sí àwọn tó wà nílẹ̀. Fi bébà bo ohun èlò tó ti kú, kí ojú má baà máa padà sọ́dọ̀ òpùrọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí nǹkan bá bàjẹ́ nígbà tí ọmọ yín ń wa ọkọ̀, ì báà ṣe ti ilẹ̀, ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ di ọkọ̀ mú.