Iyọ̀ Ni àbí Àárẹ̀? Àlàyé Méjì lórí Pajápajá

Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Green Chain ní London láti Crystal Palace wá sí ibi ìsìnkú Nunhead, tí pajápajá sì mú un lẹ́yìn ojúgun bó ṣe ń gun One Tree Hill, àlàyé méjì ni yóò gbọ́ kó tó dé Peckham. Ẹnìkan á ní iyọ̀ ló tán lára rẹ̀, kó yáa lọ ra omi àgbọn ní Rye Lane. Ẹlòmíì á ní iṣan ló rẹ̀, kó na ẹsẹ̀, kó sinmi. Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀rí lọ́wọ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà.

Àlàyé iyọ̀ ló dàgbà jù. Kòtò èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ní 1923, K. N. Moss kọ̀wé nípa àwọn awakùsà tó ń làágùn nínú ooru abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń fi omi lásán pa òǹgbẹ, tí iṣan wọn sì ń ká. Iyọ̀ díẹ̀ nínú omi mímu ló gbà wọ́n. Àlàyé àárẹ̀ ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn sárésáré ló ti wá. Ní 1997, Martin Schwellnus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town sọ pé tí iṣan bá ti rẹ̀, àṣẹ pé kó sún kì á máa pọ̀ sí i, àṣẹ pé kó dẹ̀ á sì máa dínkù. Ooru ló bí ti àkọ́kọ́, eré ọ̀nà jíjìn ló bí ti èkejì.

Bí a bá bi àlàyé iyọ̀ pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ká, yóò ṣòro fún un láti dáhùn, torí gbogbo ara ni òógùn ti ń kó iyọ̀ jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sá eré Two Oceans ní Cape Town, kìlómítà 56, wò. Sódíọ̀mù, èròjà iyọ̀, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí pajápajá mú àti ti àwọn tí kò mú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ wá bi àlàyé àárẹ̀ náà: kí ló dé tí ìrora àwọn awakùsà fi ń dé ikùn àti apá, tí iyọ̀ sì ń wò ó? Kí ló dé tí àárẹ̀ kan náà fi mú ẹni méjì, tí ọ̀kan ń ké, tí èkejì ń rìn lọ? Èsì tirẹ̀ náà kò tíì kún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Ní 2010, Kevin Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi iná mànàmáná díẹ̀ dá pajápajá sílẹ̀ ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin kan, wọ́n sì fún wọn ní omi tí wọ́n fi rẹ kùkúḿbà, oníyọ̀ àti fínígà, mu. Pajápajá náà yára tú ju ìgbà tí wọ́n mu omi lásán lọ, kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Iyọ̀ yẹn kò tíì ráyè dénú ẹ̀jẹ̀. Èrò àwọn olùwádìí ni pé kíkan rẹ̀ ló ta ọ̀fun jí, tí ọ̀fun fi ránṣẹ́ pé kí iṣan dẹ̀. Ẹni tó gba iyọ̀ gbọ́ rí i pé oògùn òun ṣiṣẹ́. Ẹni tó gba àárẹ̀ gbọ́ rí i pé ọ̀nà tòun ló gbà ṣiṣẹ́. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ yìí kan náà, pẹ̀lú pọ̀táṣíọ̀mù, sì ni ara fi ń gbé àṣẹ lọ bá iṣan. Ilẹ̀kùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń kàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Rye Lane. Omi àgbọn kún fún pọ̀táṣíọ̀mù, sódíọ̀mù rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Òdìkejì ni òógùn: sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Hóró iyọ̀ tí àwọn sárésáré ń jù sínú omi ń fi sódíọ̀mù ṣíwájú, ó sún mọ́ ohun tí òógùn kó lọ. Ti àgbọn ni pé ó dùn, ẹni tí omi lásán ti sú yóò ṣì mu ún.

Ṣúgà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1965, Robert Cade po Gatorade, ohun mímu oníyọ̀ òun ṣúgà, ní yunifásítì Florida fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn 1985, nígbà tí Olíkóyè Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní Nàìjíríà bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀ òun ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọ̀kan wà fún géńdé tí òógùn gbẹ, èkejì wà fún ìkókó tí ìgbẹ́ gbuuru gbẹ. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni ṣúgà ń ṣe nínú méjèèjì: òun ló ń bá iyọ̀ àti omi kọjá láti inú ìfun sínú ẹ̀jẹ̀.

Àsejù wà níhà méjèèjì. NHS, àjọ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má kọjá gíráàmù 6 lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì pọ̀ láàárín wa. Ẹni tó ń gbé hóró iyọ̀ mì nítorí ìrìn wákàtí kan ń di ẹrù lé ọkàn rẹ̀ lásán. Ẹni tó sì ń da omi lásán mu láìdúró ń fi omi la ìyókù iyọ̀ ara rẹ̀. Nínú sárésáré 488 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní eré Marathon Boston ní 2002, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni sódíọ̀mù wọn ti lọ sílẹ̀ jù, pàápàá àwọn tó mu omi títí wọ́n fi wúwo ju bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, fún kìlómítà 5 ní Peckham Rye, omi tó. Fún ìrìn ọjọ́ kan gbáko lórí North Downs nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, tí iyọ̀ ń funfun lára fìlà, ẹ mú iyọ̀ dání. Kí ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn bi dókítà léèrè kó tó máa mu omi àgbọn, torí pọ̀táṣíọ̀mù inú rẹ̀. Tí pajápajá bá sì mú yín, ẹ dúró, ẹ na orúnkún, ẹ fa ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín títí iṣan á fi dẹ̀. Lórí èyí, àwọn ìhà méjèèjì kò jiyàn.