Eyín Yíyọ fún Ẹni tó Ní Ìtọ̀ Ṣúgà tàbí Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì lo oògùn yín bí ẹ ṣe máa ń lò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó ṣáájú, torí àwọn bàbá àti màmá wa kan, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé iṣẹ́ abẹ ni, wọ́n á febi sùn, wọ́n á fi oògùn sílẹ̀, òòyì á sì ti máa kọ́ wọn kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn eyín wa. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń kun èèyàn lóorun fún ló ń fẹ́ ikùn òfìfo. Bí tiyín bá jẹ́ irú ẹ̀, dókítà yóò sọ fún yín ṣáájú. Ní ti eyín yíyọ lásán, ibi tí eyín wà nìkan ni abẹ́rẹ́ ń pa kú, ojú yín á sì là sílẹ̀ títí a ó fi parí. Ẹni tó bá gún ínsúlíìnì láìjẹun, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lórí àga: á máa làágùn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á máa dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ẹ bá ti fura sí i, ẹ pè wá kíá, ká fún yín ní ohun dídùn mu.

Àárọ̀ ló dára jù láti wá. Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání pẹ̀lú páálí wọn. Ẹ má fi àgbo pamọ́ fún wa. A ò ní bá yín jà. Ẹni tó ń lo aspirin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ ara rẹ̀ dá a dúró. Ẹ̀jẹ̀ ojú eyín ṣeé dá dúró. Èyí tó bá dì sínú ọpọlọ ló ń sọni di arọ.

A ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, a ó sì gún orí ìka láti wo ṣúgà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ga, ẹ ó sinmi díẹ̀, a ó tún un wọ̀n, torí ìbẹ̀rù àti ìrora eyín fúnra wọn ń gbé e sókè. Bó bá ṣì wà ní 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, eyín tó bá lè dúró á dúró ná, ẹ ó kọ́kọ́ lọ rí dókítà yín. Bí ṣúgà kò bá tó 70 mg/dL, ẹ ó jẹ nǹkan ká tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ga jù, egbò kì í tètè jinná.

Èyí kò wá ní kí ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ gbóná, jókòó sílé de ọjọ́ tí ṣúgà á wálẹ̀. Ọyún tó wà nídìí eyín yẹn gan-an lè máa ti ṣúgà sókè. Kó wá lọ́jọ́ náà.

Tí eyín bá ti jáde, ẹ deyín mọ́ òwú tí a fi síbẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú. Ẹ má máa yọ ọ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò náà ni ìdérí egbò, ẹ má fi omi yọnu, ẹ má sì tutọ́ títí di ọjọ́ kejì, tí ẹ ó wá máa fi omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọnu jẹ́jẹ́. Ogógóró àti sìgá, rárá o. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fo oúnjẹ: ẹ̀kọ mímu tí kò gbóná àti mọ́ínmọ́ín, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ ẹ́.

Parasitamọ́ọ̀lù ni kí ẹ lò fún ìrora. Ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì lè ṣe kíndìnrín léṣe.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn tí ẹ tún deyín mọ́ òwú mìíràn fún 30 ìṣẹ́jú, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i lọ́jọ́ kẹta, ẹ padà wá. Ẹni tí kò bá lè gbé itọ́ mì tàbí mí dáadáa, ọsibítù tó sún mọ́ ọn jù ni kí wọ́n gbé e lọ, ìbáà jẹ́ lóru.