Ẹ Tún Òrùlé Ṣe Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀dà

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Bí Kérésì bá ti ń bọ̀, tàbí bí ọmọ bá fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká kun ilé." A ó sáré lọ ra ọ̀dà. Kò burú, ilé tó mọ́ tónítóní dùn ún wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ sọ rèé: ọ̀dà ló yẹ kó kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ọ̀dà ṣíwájú, òjò ló máa kó owó rẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé ẹnu la fi ń sọ ọ́. Ó ṣe wá rí. Ilé amọ̀ ni ilé wa, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lára. Ọdún tí ọmọbìnrin wa fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, a kó àjọ tó kàn wá. Kò tó. A bu lé e nínú owó tí a fi ń ra pupuru tà. A pe akunlé, ó kun pálọ̀ ní àwọ̀ ewé, ilé ń dán. Àwọn àna wá, wọ́n yìn wá. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ìsàlẹ̀ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí àkàrà. Kó tó di oṣù kẹjọ, ọ̀dà ti ṣí, sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ ti já lulẹ̀, amọ̀ ti yọjú. Owó ilé lọ, owó ọjà náà lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń gba ọjà àwìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá ń gba àwìn kì í lẹ́nu láti nájà.

Bíríkìlà àgbàlagbà kan la pè wá wò ó. Kò tiẹ̀ wo ọ̀dà. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó jáde síta, ó wòkè, ó wolẹ̀, ó ní, "Ìyá, òkè ni omi ti ń wá, ìsàlẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ẹ ò tíì dí ọ̀nà omi tí ẹ fi kun ilé." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí ògiri wa là, òrùlé ni àti ẹsẹ̀ ògiri.

ÌDÍ TÍ ÒGIRI FI Ń BÀJẸ́

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, amọ̀ ni ògiri, ewé gbọ̀dọ̀gì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni òrùlé. Òrùlé náà máa ń yọ síta dáadáa kí ọ̀sọ̀rọ̀ má bàa ta sí ògiri. Bí ògiri bá sán, wọn á po amọ̀, wọn á fi rẹ́ ẹ padà. Nígbà tí owó kòkó àti owó epo dé, páànù rọ́pò ewé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni sìmẹ́ńtì dé, gbogbo wa sì fẹ́ kí ilé amọ̀ wa dà bí ilé búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ògiri amọ̀ dà bí èèyàn, ó ń mí. Ó ń mu omi nígbà òjò, ó ń tú u sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì bò ó pa, omi tó ti wọlé kò rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ máa ń wú bó bá mu omi, ó sì máa ń sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kì í bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, àwọn méjèèjì á pínyà, sìmẹ́ńtì á sì já.

Kí onílé búlọ́ọ̀kù má fi wá rẹ́rìn-ín o. Búlọ́ọ̀kù náà ń fa omi láti inú ilẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ẹ̀tù funfun tí ẹ máa ń rí ní ìsàlẹ̀ ògiri yẹn, iyọ̀ inú ilẹ̀ àti ti ara ògiri ni, omi ló gbé e jáde. Ọ̀dà kankan kì í pẹ́ lórí rẹ̀.

BÍ IṢẸ́ ṢE YẸ KÓ TẸ̀LÉ ARA WỌN

Èkíní, òrùlé. Ní ọ̀sán tí oòrùn bá mú, ẹ ti fèrèsé, ẹ dúró nínú ilé, ẹ wòkè. Níbi tí kò bá sí sílìnì, ihò páànù á máa tàn bí ìràwọ̀. Níbi tí sílìnì bá wà, ẹ wo ibi tó ti yí àwọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe páànù ló bàjẹ́, ìṣó ló tú tàbí rọ́bà abẹ́ ìṣó ló jẹrà. Kí kápẹ́ńtà pààrọ̀ ìṣó, kó sì pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà nìkan. Kò dìgbà tí ẹ bá tú gbogbo òrùlé. Ẹ má gun òkè fúnra yín o. Páànù tó ti jẹrà kì í gbé èèyàn dúró.

Èkejì, ẹsẹ̀ ògiri. Ibi tí ọ̀sọ̀rọ̀ ń dà sí gan-an ni kí ẹ wò. Bí iyanrìn tàbí pàǹtí bá ti gòkè mọ́ ògiri, ẹ kó o kúrò. Ẹ gbẹ́ gọ́tà kékeré tí yóò gbé omi lọ síbi tó dà, kì í ṣe sí ilé aládùúgbò. Níbi tí ọ̀sọ̀rọ̀ ń kán sí, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èèpo ẹkùrọ́ sí i, kí omi má bàa ta ẹrẹ̀ sí ògiri. Àwa tó jẹ́ pé epo pupa ni iṣẹ́ ìdílé wa nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ṣé èèpo ẹkùrọ́ ló máa wọ́n wa? Iṣẹ́ yìí, ọkọ́ àti ọmọ méjì ló ń fẹ́. Owó tó ń ná wa kò tó nǹkan, síbẹ̀ òun ló ń gba ògiri là jù.

Ẹ̀kẹta, ara ògiri. Ẹ fi ìka kan ògiri díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ń dún bí igbá òfìfo, ó ti ṣí nínú. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ wó. Bó bá jẹ́ ògiri amọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ ná, kí ẹ tó po amọ̀ pupa mọ́ iyanrìn, kí ẹ wọ́n omi sí ògiri, kí ẹ wá fi amọ̀ náà rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí i mọ́. Bó bá jẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì ló bá a mu, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó gbẹ kí ọ̀dà tó kàn án.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀dà wá kàn. Fún ògiri amọ̀, láìmù funfun ló dára jù, torí ó ń jẹ́ kí ògiri mí, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ẹ wo ara àpò, hydrated lime ni kí wọ́n kọ sí i. Láìmù tí àgbẹ̀ ń dà sóko lè jẹ́ oríṣi mìíràn tí kì í lẹ̀. Ẹ da láìmù sínú omi, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, kó ṣàn bí omi ògì. Ẹ wọ́n omi sára ògiri, ẹ kun ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ọjọ́ kan wà láàárín. Nígbà tó bá tutù, á dà bíi pé kò funfun. Ẹ má torí ìyẹn fi kún un. Bó bá ń gbẹ ni yóò máa funfun, atẹ́gùn ni yóò sì sọ ọ́ di líle bí òkúta. Kì í lẹ̀ mọ́ orí ọ̀dà àtijọ́ o, ògiri òfìfo ló ń fẹ́. Láìmù máa ń jó ara. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dáàbò bo ojú, ẹ lé ọmọdé jìnnà. Bó bá ta sójú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ sì sáré lọ sí ọsibítù.

Ẹ ṢÍRÒ Ọ̀DÀ BÍ Ẹ ṢE Ń ṢÍRÒ ỌJÀ

Àwọn tó máa lo ọ̀dà olómi nílé búlọ́ọ̀kù, ẹ má jẹ́ kí akunlé fi ojú díwọ̀n fún yín. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò yàrá kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó fẹ̀ ní 10, tó ga ní 9. Ẹ ro ìgùn àti ìbú yí ká: 12 àti 10 àti 12 àti 10, ó jẹ́ 44. Ẹ fi gíga 9 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 396. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé kan kúrò, bí 37, ó ku 359. Lítà ọ̀dà kan máa ń kun nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró lẹ́ẹ̀kan, bí ògiri bá dán. Lẹ́ẹ̀mejì tí a máa kun ún, ó jẹ́ lítà 7 àti díẹ̀. Gálọ́ọ̀nù onílítà 4, méjì péré ti tó. Akunlé tó bá ní kí ẹ ra mẹ́rin fún yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé ilé ta ni méjì tó kù fẹ́ kun.

OHUN TÍ A Ò GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ YẸPẸRẸ MÚ

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010. Ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ni eruku òjé ti jáde, ó sì pa ọmọ tó lé ní 400. Ti ọ̀dà kò pọ̀ tó yẹn, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Torí náà, ẹ má ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ kó ohun tó bá já sílẹ̀ dànù kí ọmọ tó wọlé.

Bákan náà ni sílìnì tàbí òrùlé asbestos tó wà nínú àwọn ilé àtijọ́. Bí kò bá fọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má rẹ́ ẹ, ẹ má gún un, ẹ má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pẹ́ tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn rẹ̀ tó jáde.

Ọ̀ṢỌ́ ILÉ, ỌWỌ́ OBÌNRIN LÓ WÀ

Bí gbogbo èyí bá ti parí, ọ̀ṣọ́ wá kù, òun kò sì nílò owó ńlá. Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló máa ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè. Ní Tiébélé ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, àwọn obìnrin ló ń ya àwòrán sí ara ilé amọ̀, funfun, pupa àti dúdú. Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin oníirú: èèpo èso igi igbá, igi tí a ti ń rí irú, ni wọ́n ń sè, omi rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi pa ògiri kí òjò má bàa fọ àwòrán náà. Lọ́dún 2024, àjọ UNESCO kọ ààfin ọba Tiébélé mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún. Amọ̀ kan náà tí à ń tijú rẹ̀ ni o.

Nítorí náà, ẹní tí àwọn ará Ìlàjẹ ń hun lè gbé ògiri pálọ̀ níyì. Aṣọ àdìrẹ tó ti gbó díẹ̀ lè di kọ́tìnì. Àga tó ti yẹ̀, ìṣó méjì àti ọ̀dà tó ṣẹ́kù lè sọ ọ́ di tuntun.

OWÓ ỌJÀ, ẸRÙ NI

Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má fi owó ọjà tún ilé ṣe. Bí owó ọjà bá lọ, kò sí ohun tí ẹ máa fi bọ́ àwọn tó ń gbé inú ilé náà. Ẹ jẹ́ kí àjọ kan ṣe òrùlé, kí àjọ tó tẹ̀lé e ṣe ẹsẹ̀ àti ara ògiri, kí ọ̀dà dúró de ti ẹ̀yìn. Ẹ má san owó oníṣẹ́ tán kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ ra ìṣó àti ọ̀dà fúnra yín, ẹ gba rìsíìtì. Bí ìpàdé bá gbà, èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ lè jọ ra páànù lẹ́ẹ̀kan, ká jọ ná an. A mọ ọjà ná, ṣé ti páànù ló máa wá ṣòro fún wa?

Ní ti ilé wa, ọdún kejì la tó tún un kun, láìmù funfun ni. Kò dán bíi ti àkọ́kọ́, àwọn àna kò sì yìn ín. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ lù ú, ó ti tún rọ̀ lù ú, ògiri ṣì dúró, owó pupuru wa náà sì ṣì wà nínú igbá.

Ilé wa ò ní jò o. Ọjà wa á tà. Ó dìgbà kan ná.