Ìrìnkiri tàbí Ìṣílọ-ṣíbọ̀? Ọ̀ràn Àwọn Darandaran Nenets àti Iṣẹ́ Gáàsì

Ní ilẹ̀ Yamal, ní àríwá Rọ́ṣíà, àwọn Nenets ń sin irú àgbọ̀nrín kan tí ó ń gbé ilẹ̀ òtútù. Ní ìgbà ìrúwé, wọn a da agbo wọn lọ sí ìhà òkun àríwá; bí òtútù bá ń bọ̀, wọn a padà sí gúúsù, níbi tí igbó wà. ‘Ìrìnkiri’ kò bá ìrìn yìí mu, nítorí ẹni tí ń rìn kiri lè gba ibikíbi. ‘Ìṣílọ-ṣíbọ̀’ ni ó yẹ ẹ́: ó fi hàn pé ọ̀nà àti àkókò ìrìn náà ní ètò.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọdún 1971 ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ṣàwárí gáàsì ní Bovanenkovo; ojú irin dé ibẹ̀ ní 2010, wíwa gáàsì sì bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ojú irin, páìpù àti títì dábùú ọ̀nà agbo, wọ́n sì gba lára pápá ìjẹko. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, òjò rọ̀ sórí òjò dídì, gbogbo rẹ̀ sì di yìnyín líle. Àwọn ẹran kò lè wa oúnjẹ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún wọn ni ó kú. Iṣẹ́ gáàsì kọ́ ni ó rọ òjò náà; ṣùgbọ́n bí pápá bá ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí agbo lè sá sí ń dín kù. Ẹni tí ó bá pè é ní ìrìnkiri yóò rò pé agbo lè gba ibòmíràn. Ìṣílọ-ṣíbọ̀ kò ní ibòmíràn.